Ìtàn Sir George Beatson, Ẹni tí Ó Kọ́ Ọgbọ́n Lọ́dọ̀ Àwọn Àgbẹ̀

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì rí àgùntàn tí ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ìbáà ṣe ní ìgboro Ọ̀wọ̀ tàbí ní oko Ìfọ̀n. Gbogbo wa ni a ti rí i; ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó béèrè ohun tí ń mú omi ọmú wá, àti ohun tí ń mú un gbẹ? Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín béèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì di ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà.

Ní ọdún 1848 ni a bí George Thomas Beatson ní erékùṣù Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí. Dókítà àwọn ọmọ ogun ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Cambridge, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó sì gba oyè ní ọdún 1874. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lister, ọ̀gá tí ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ bí a ti ń dènà kòkòrò àrùn ní ojú ọgbẹ́.

Ní ọdún 1876, bí ó ti ń tọ́jú aláìsàn kan ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé fún oyè gíga lórí omi ọmú. Oko àgùntàn wà nítòsí, ó sì ń wò bí wọ́n ti ń já ọmọ àgùntàn lẹ́nu ọmú. Ó tún gbọ́ pé ní àwọn ilẹ̀ kan, bí àgbẹ̀ bá fẹ́ kí wàrà màlúù má ṣe gbẹ, a yọ ibi ẹyin inú màlúù náà kúrò lẹ́yìn tí ó bá ti bímọ. Èyí yà á lẹ́nu gidigidi. A kò fi ọwọ́ kan ọmú, síbẹ̀ ìyípadà dé bá ọmú! Ó wá mọ̀ pé ẹ̀yà ara kan lè máa pàṣẹ fún òmíràn tí ó jìnnà sí i, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́wọ̀ ti ń wà ní ààfin tí àṣẹ wọn sì ń dé abúlé oko.

Ní ọdún 1895, obìnrin ẹni ọdún 33 kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Glasgow. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà ti padà, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tí ó tún lè mú un kúrò. Beatson ṣàlàyé ohun tí ó ń rò fún òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì gbà. Ní oṣù June, ó yọ ibi ẹyin inú obìnrin náà. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́jọ, kókó náà ti yọ́ lọ. Ní ọdún 1896 ni ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn dókítà Edinburgh, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet.

Àrùn náà tún padà, obìnrin náà sì kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1900, Stanley Boyd ka iye àwọn tí a ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún, ó sì rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ó ràn lọ́wọ́. Kí ló dé tí kò ran gbogbo wọn lọ́wọ́? Beatson kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọdún 1905 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ náà, họ́mọ̀nù, pe àwọn ìránṣẹ́ tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ láti ẹ̀yà kan sí òmíràn.

Ní ọdún 1907 ó gba oyè Sir. Ó sì kú ní ọdún 1933. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Elwood Jensen ní Chicago rí ìdáhùn: jẹjẹrẹ ọmú kan ní ibi tí họ́mọ̀nù obìnrin ń wọ̀ sí, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ inú àgádágodo; òmíràn kò ní i. Láti ìgbà náà wá ni a ti rí oògùn oníhóró tamoxifen, tí ń dí ojú àgádágodo náà, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò nílò ọ̀bẹ Beatson mọ́. Ṣùgbọ́n irú èyí tí kò ní àgádágodo pọ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn òyìnbó lọ; nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ yẹ kókó wò dáradára kí a tó yan oògùn.

Àwa tí a ó di olùkọ́ ní ẹ̀kọ́ méjì láti kọ́. Èkíní, kí a má ṣe kẹ́gàn ìmọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé yìí ti rí ìmọ́lẹ̀. Èkejì, kí a máa sọ fún àwọn ìyá wa pé kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìrora kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ lè pẹ́ jù.