Nana Olomu, ìjòyè Itsekiri tó kọ́ ààfin sí Koko

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní ìpínlẹ̀ Delta, ọ̀ràn ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní 1988 la fi mọ orúkọ Koko. Ṣùgbọ́n ìlú etí odò yìí ti ní ìtàn tirẹ̀ tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ààfin Nana Olomu wà. Èdè Itsekiri àti èdè wa kò sì jìnnà síra, ìbátan ni wọ́n, nítorí náà ìtàn ọkùnrin yìí kì í ṣe ìtàn àjèjì.

Nǹkan bí ọdún 1852 ni wọ́n bí Nana sí Jakpa, ní agbègbè Odò Benin. Olomu, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọlọ́rọ̀ tó fi Ebrohimi ṣe ibùjókòó. Lákòókò náà, kò sí Olu lórí ìtẹ́ Warri; láti 1848 di 1936 ni ìtẹ́ fi ṣófo. Ẹni tó bá jẹ Gómìnà Odò Benin, tó ń ṣe kòkáárí òwò láàárín òyìnbó àti ọmọ onílẹ̀, òun ló dà bí olórí. Olomu kú ní 1883, Nana sì di Gómìnà ní 1884.

Epo pupa ni òwò rẹ̀. Òyìnbó á gbé ọjà fún un láwìn, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ á sì gba ojú omi wọ ilẹ̀ Urhobo lọ ra epo wá. Ní 1884 yìí kan náà, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gbà kí òyìnbó máa tajà níbi tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ já owó epo wálẹ̀ ní 1886, ó dá òwò dúró. Kò sí àní-àní pé ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹrú pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan nílẹ̀ Urhobo sì ń ráhùn sí i. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ epo gan-an ló dá ìjà sílẹ̀.

Ní 1894, Ralph Moor ránṣẹ́ pè é. Nana kò lọ, nítorí ó rántí bí wọ́n ṣe pe Ọba Jaja ti Opobo sínú ọkọ̀ ní 1887 tí wọ́n sì gbé e lọ. Ni ogun bá dé. Inú irà ni Ebrohimi wà, odi yí i ká, àgbá tí wọ́n sì bá níbẹ̀ lé ní 100. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn kí wọ́n tó kó o ní oṣù kẹsàn-án. Dogho, tó jẹ́ ọmọ Itsekiri bíi tirẹ̀, wà lẹ́yìn òyìnbó.

Nana gba ojú omi sá wá sí Èkó. Ilé Seidu Olówu, oníṣòwò Èkó tí wọ́n ti mọra, ló wọ̀ sí, kó tó lọ fi ara rẹ̀ lé Gómìnà Carter lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹjọ́ rẹ̀ ní Kàlàbá, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ni wọ́n gbé e lọ níkẹyìn.

Ní 1906 ni wọ́n tó jẹ́ kó padà wálé. Kò padà sí Ebrohimi. Koko ló tẹ̀dó sí, níbẹ̀ ló kọ́ ààfin sí, ibẹ̀ náà ló sì gbé títí tó fi kú ní 1916. Ìjọba àpapọ̀ sọ ilé náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1990, wọ́n sì fi í ṣe ilé àkójọ ohun ìrántí rẹ̀.

Odò tí kò bá ní orísun, gbígbẹ ló máa gbẹ. Odi Ebrohimi pẹ̀lú gbogbo àgbá rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n ilé tí Nana kọ́ nígbà tí agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọmọ wa dé Koko, kí wọ́n lè mọ ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kó má jẹ́ ìdọ̀tí Ítálì nìkan ni wọn yóò máa fi rántí ìlú náà.