Herbert Macaulay àti Ọ̀ràn Ilẹ̀ Àpápá

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba òpópónà Herbert Macaulay kọjá ní Yábàá. Òṣèlú ni a fi ń rántí rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì gbé e dé ọ̀kan nínú ìjà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní 1890, ìjọba fi owó ìrànwọ́ rán an lọ sí Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ní 1898 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá dúró. A gbà pé àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò lọ lásán: ẹni tó ti bá ìjọba wọn ilẹ̀ mọ ibi tí ọwọ́ ìjọba dé, ó sì mọ ibi tí kò yẹ kó dé.

Ní 1913, ìjọba kéde pé òun fẹ́ gba nǹkan bí éékà 255 ní Àpápá fún ìlò gbogbogbò. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni. Amodu Tijani, tó wà lórí oyè Olúwa nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà níkàáwọ́ wọn. Iye owó gbà-máà-bínú ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba ní àdéhùn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 ti gbé ilẹ̀ Èkó fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ló kù fún Olúwa, òun nìkan ni wọn yóò sì san owó lé lórí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Èkó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tí à ń pè ní Privy Council. Wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí dání. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba náà bí ìjọba nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ka Èṣùgbàyí sí ọba mọ́. Lójú tiwa, ẹnu rẹ̀ yá jù níbẹ̀, ẹlòmíràn ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Oṣù Keje ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde. Àwọn adájọ́ ní àdéhùn 1861 kò gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ti ẹbí àti àwùjọ ni ilẹ̀, olóyè kàn ń bójú tó o fún wọn ni. Kí ìjọba san owó bí ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ oní-nǹkan gan-an, kí gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sì pín nínú rẹ̀. £22,500 ni wọ́n san. Ilẹ̀ kò padà sọ́wọ́ ẹbí o, owó ló tó wọn lọ́wọ́.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lónìí, ilé, irè oko àti àtúnṣe orí rẹ̀ ni owó gbà-máà-bínú wà fún, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí ènìyàn san lọ́dún náà. Kò sí iye fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti Àpápá. Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé onílẹ̀ kan fi ń dárúkọ ẹjọ́ Olúwa títí di òní.

Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè díje. Ní 1946, nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ NCNC rìn káàkiri, àìsàn kọ lù ú ní Kánò. Èkó ló kú sí ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Ìkòyí.