Barnardo àti Àwọn Ọmọ Tí Kò Rílé Sùn

Thomas John Barnardo kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí ó kúrò ní Dublin, ní ilẹ̀ Áílándì, tí ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1866. Èrò rẹ̀ ni láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kí ó sì lọ ṣe míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Ṣáínà. Kò dé Ṣáínà títí ó fi kú. Ní ọdún náà gan-an ni àrùn onígbáméjì jà ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Barnardo rí ìyà tí ń jẹ àwọn ọmọ àdúgbò náà, ó sì sọ ibùso kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àtijọ́ kan di ilé-ìwé fún wọn.

Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú, ọmọ kan tí ń jẹ́ Jim Jarvis kò fẹ́ kúrò nídìí iná nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ó ní òun kò ní baba, òun kò ní ìyá, òun kò sì ní ilé. Barnardo kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó fún un ní oúnjẹ, lẹ́yìn náà ó ní kí ó mú òun lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn. Ọmọ náà mú un gun orí òrùlé kan. Ọmọkùnrin mọ́kànlá ni ó bá níbẹ̀ tí wọ́n sùn nínú àkísà, láìsí ohun ìbora. Ẹni tí ó bá ti rí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ní ọdún 1870 ó ṣí ilé fún àwọn ọmọkùnrin ní Stepney Causeway. Kò fẹ́ jẹ gbèsè, nítorí náà iye tí ibùsùn bá gbà ni ó ń gbà. Ní alẹ́ kan ó dá John Somers, ọmọ ọdún mọ́kànlá, padà nítorí pé ilé ti kún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n bá òkú ọmọ náà: ebi àti òtútù ni ó pa á. Láti ìgbà náà ni Barnardo ti kọ ọ́ síta pé a kò ní í lé ọmọ aláìní kankan padà mọ́, tọ̀sán tòru sì ni ilẹ̀kùn ń ṣí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe ni ó dára. Láti rí owó, ó ń ya àwòrán ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ nínú àkísà, èkejì nínú aṣọ mímọ́, ó sì ń tà wọ́n. Ní ọdún 1877 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn onílàjà. Àlùfáà ìjọ Baptist kan, George Reynolds, wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kàn án. Àwọn onílàjà dá a láre nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n wọ́n bá a wí nípa àwòrán náà, nítorí pé a ti ṣe àwọn ọmọ mìíràn bí ẹni tí ó tòṣì ju bí wọ́n ti wà lọ. Ìbáwí náà tọ́. Ọmọ tí a fún lóúnjẹ kò jẹ wá ní gbèsè ojú rẹ̀. Barnardo jáwọ́ nínú àwòrán onímejì náà.

Ó tún kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó kọ́kọ́ kó jọ sínú ilé kan ṣoṣo, kò sì yọrí sí rere. Ní ọdún 1876 ó kọ́ abúlé fún wọn ní Barkingside: ilé kéékèèké, ọmọ níwọ̀nba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní ìyá.

Láti ọdún 1882 ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí Kánádà láti ṣiṣẹ́ lóko. Àwọn kan rí ìtọ́jú; wọ́n lo àwọn mìíràn bí ẹrú, òbí mìíràn kò sì mọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó wọkọ̀. Ní ọdún 2010 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nítorí gbogbo ọmọ tí a kó lọ sókè òkun bẹ́ẹ̀.

Barnardo kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1905. Ọmọ tí ó ju 8,000 lọ ni ó wà nínú àwọn ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Barkingside, láàárín ilé àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn, ni ibojì rẹ̀ wà.