Hánà Àfàlà, Ìyá Àgbà Ilé Crowther

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú ẹ̀yin ọmọ Àkókó, nílé tàbí lẹ́yìn odi, bi wá léèrè pé kí ni ìtàn obìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń wá nínú ìwé ọdọọdún wa, nígbà tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò ṣaláìní ìyá àgbà tí ó yẹ ní ríròyìn. Ìdáhùn wa kò le. Ní ayé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń kó ilẹ̀ Àkókó lógun, tí àwọn baba wa ń fi orí òkè àti ihò àpáta ṣe ibi ìsádi, àwọn ìyá tí a kó lẹ́rú kò níye. Ìyọnu náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò padà wálé mọ́, a kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbì kankan. Àfàlà ní tirẹ̀ bí ọmọ kan tí ó di akọ̀wé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí a sì lè fi fòye mọ ohun tí ojú àwọn tiwa rí.

Ìlú Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ni Àfàlà ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tí í ṣe ahunṣọ. Ó jẹ́ ti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí wọ́n ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun ká wọn mọ́lé. Ọkọ sáré wá kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà lọ sí ojú ìjà. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́. Àfàlà di ọmọ rẹ̀ Àjàyí mú, tí kò ju bí ọmọ ọdún 13 lọ, àti àwọn ọmọbìnrin méjì, èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò ju oṣù 10 lọ. Wọ́n sá wọ inú igbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, a sì so okùn mọ́ wọn lọ́rùn. A mú ìyá àgbà ilé náà pẹ̀lú. Oko ẹrú ni ó sì kú sí.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti ya ìyá àti ọmọ nípa. Lẹ́yìn náà, ní ìlú kan tí a ń pè ní Dada, Àjàyí tún bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré pàdé, ó sì ń lọ kí wọn nígbàkúùgbà fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a mú un lọ láìjẹ́ kí ó dágbére. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gba ẹrù ènìyàn náà lójú òkun ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, tí ó gba orúkọ Samuel Crowther, tí a sì fi joyè àlùfáà ní 1843. Gbogbo èyí ni ayé mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ọmọ òun sọnù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ CMS. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Àfàlà dé láti wá a, ọmọkùnrin kan nínú ẹbí sì bá a wá. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ gbọ̀n, kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti gbẹ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ là, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ Àjàyí nígbà èwe ni ó fi ń pè é. Ìyapa wọn ti tó ọdún 25.

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa dúró síbi omijé náà. Ní tèmi, mo rò pé ohun tí Crowther kọ tẹ̀lé e tóbi jù ú lọ: pé àwọn arábìnrin òun méjèèjì tí a kó ní Òṣogùn wà lọ́dọ̀ ìyá òun, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Àbàkà, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, àti pé òun ni ó ń tọ́jú wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ọkọ ti kú, ìlú ti jóná, àkọ́bí ọkùnrin ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí tún ti kó àwọn tí ó kù jọ sábẹ́ òrùlé kan, ó ń bọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọmọ oṣù 10 ọjọ́sí ti di àgbà obìnrin níbẹ̀. Kí Crowther tó dé ni ilé Crowther ti wà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà ní Abẹ́òkúta, ó wà lára àwọn àkọ́so ìjọ náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó ti tó ẹni 60 ọdún nígbà náà. Kì í ṣe ohun kékeré fún àgbàlagbà tí a bí sínú ẹ̀sìn òrìṣà, tí òrìṣà sì ti jẹ́ ìtùnú rẹ̀ nínú ìpọ́njú, láti yí ẹsẹ̀ padà ní ọjọ́ ogbó.

Lẹ́yìn èyí ó bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Èkó. A fi Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, iṣẹ́ Odò Ọya a sì máa mú un kúrò nílé pẹ́. Ojú Hánà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ Dandeson fi di Aṣidíákónì ní 1876. Ojú rẹ̀ sì ni Abigail, ọmọbìnrin Crowther, fi bí Herbert Macaulay ní 1864.

Ó kú ní Èkó ní ọdún 1883, ẹni nǹkan bí ọdún 97. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a parí ìtumọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ní èdè tí òun fi kọ́ ọ ní Òṣogùn.