Ìgbésí Ayé Michael Thonet, Káfíńtà Onílàákàyè

Ní ọdún 1796 ni a bí Michael Thonet ní ìlú Boppard, ní ilẹ̀ Jámánì. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó yàn láàyò. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ igi, òun ń wá ọ̀nà tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìwádìí yìí sọ ọ́ di onígbèsè, àwọn tí ó jẹ lówó sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀.

Ní ọdún 1842, ó kó lọ sí Vienna, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oru omi híhó ni ó fi ń mú igi rọ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1859, ó ṣe àga Nọ́ńbà 14. Ẹ̀yà mẹ́fà péré ni àga yìí ní. A lè tú u sínú àpótí, kí a sì tún un tò níbi tí a bá gbé e dé. Èyí mú kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Thonet kú ní ọdún 1871. Títí di òní, àwọn tí ń ṣa àga àtijọ́ jọ máa ń wá orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa pé gbèsè kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ pa ọgbọ́n orí tì.