Awólọ́wọ̀ àti Owó Ilé-Ìwé Ọ̀fẹ́: Ìnákúnàá ni àbí Ìdókòwò?

Bí ọ̀rọ̀ owó dídá bá ti délẹ̀, ohun kan náà la máa ń bi ara wa: ṣé owó yìí ò ti pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ ká fi ìgbé ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Kékeré ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ran ara rẹ̀ nílé-ìwé.

Nígbà tó di aṣáájú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1952, wọ́n ní gbogbo ọmọ ni yóò lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ńlá ni o! Kíláàsì ń fẹ́ kíkọ́, tíṣà ń fẹ́ owó oṣù lọ́dọọdún. Owó kòkó ràn wọ́n lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tún bu owó lé aráàlú lórí. Inú bí àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ta ni yóò máa bá àwọn roko bí ọmọ bá lọ sílé-ìwé? Nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, Alákùkọ na Ọlọ́pẹ nílé ara rẹ̀.

Awólọ́wọ̀ ò yí padà. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọn ò tó 460,000 lọ́dún 1954 lé ní 800,000 lọ́dún 1955. Nígbà tí ìbò agbègbè dé lọ́dún 1956, Ọlọ́pẹ ló wọlé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìnáwó ìgbà yẹn la lè yìn. Lọ́dún 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ní owó ìjọba gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ bọ́ sápò ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní òṣèlú ló wà nídìí ẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987. Ẹ wá wo ìdílé tiyín: ta ló kọ́kọ́ mọ̀wé níbẹ̀, ọdún wo ló sì wọ ilé-ìwé? Èrè owó kíláàsì nìyẹn. Èyí tí wọ́n ní ó lọ sápò ẹgbẹ́, kí ló kù níbẹ̀?

Torí náà, tí wọ́n bá tún ní ká dáwó, ẹ má bèèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè ohun tó máa kù nílẹ̀ lẹ́yìn 30 ọdún, kẹ́ ẹ sì bèèrè ìwé ìṣirò owó. Ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbé ilé tá a kọ́ tà.