Thomas Birch Freeman: Olùtọ́jú Ọgbà Tí Olúwa Pè

  

Ọ̀rọ̀ kan máa ń wáyé láàrin wa bí a bá jókòó lẹ́yìn ìpàdé, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré. Àwọn kan nínú wa gbà pé àwọn àlùfáà nìkan ni Ọlọ́run ń pè. Wọ́n ní àwa tí a ń ro oko, tí a ń ta gààrí, tí a ń ránṣọ, tí a sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, oúnjẹ òòjọ́ lásán ni à ń wá. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn bàbá kan wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ Elétò ní Nàìjíríà ló mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí Olúwa tó rán an sí wa.

Ní abúlé Twyford, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Thomas Birch Freeman sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú ọgbà ni Freeman kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ó mọ ewéko tó fẹ́ oòrùn àti èyí tó fẹ́ ibòji, ó sì mọ orúkọ wọn ní èdè Látìnì bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń pè é. Ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Sir Robert Harland gbà á sí iṣẹ́ ní Orwell Park, lẹ́bàá ìlú Ipswich.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn àwọn Mẹ́tọ́díìsì rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni Freeman ti rí ìgbàlà, àárín wọn ló sì ti ń wàásù. Nítorí èyí ni iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, ẹ̀yin ìyá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, tí ó ń gba owó rẹ̀ déédéé, wá pàdánù rẹ̀ nítorí ibi tí ó ń jọ́sìn. Bí ó bá jẹ́ àwa ńkọ́?

Freeman kò bínú, kò sì padà lẹ́yìn Olúwa. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ míṣọ́nárì. Ó fẹ́ Elizabeth Boot, obìnrin tó jẹ́ alábòójútó ilé fún Sir Robert kan náà, àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Oṣù kìíní ọdún 1838 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ìlú Cape Coast.

Ìròyìn búburú ló pàdé wọn ní èbúté. Joseph Dunwell, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́kọ́ rán wá ní ọdún 1835, kò lò tó oṣù mẹ́fà kí ó tó kú. Wọ́n rán Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n tún rán Harrop àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Freeman fi máa dé, kò ku ẹnì kan láàyè nínú àwọn márààrún. Kò pẹ́ tí ibà fi dá Freeman náà dùbúlẹ̀. Elizabeth ló tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá, lẹ́yìn náà ni àìsàn kọlu òun fúnra rẹ̀. Ó kú ní oṣù kejì ọdún náà, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n dé.

Ẹ̀yin opó àárín wa mọ irú òru tí ọkùnrin yìí sùn. Bí ó bá wọ ọkọ̀ padà sílé, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dúró. Ó parí ilé ìjọsìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní Cape Coast, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 1838. Ní ọdún 1839 ó rin ìrìn àjò dé Kúmásì, ní ààfin ọba Àṣáńtì. Ní ọdún 1840 ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, Lucinda Cowan. Òun náà kú ní ọdún 1841. Láàrin ọdún mẹ́rin ó ti sin ìyàwó méjì.

Ẹ̀yìn gbogbo ẹkún yìí ni ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì ń ti Sàró padà sílé, ló ránṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a wá bá àwọn dá ìsìn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Gold Coast, àti ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù. Ní oṣù Kejìlá Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe ọdún náà. Freeman padà lọ, ṣùgbọ́n de Graft àti ìyàwó rẹ̀ dúró, wọ́n sì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni a ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé obìnrin wà nídìí ìpìlẹ̀ náà.

Iṣẹ́ ọgbà tí Freeman kọ́ ńkọ́? Olúwa kò jẹ́ kí ó ṣòfò. Ó rí i pé bí àwọn ènìyàn yóò bá fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ mìíràn jẹun. Nítorí náà ó dá oko kan sílẹ̀ ní Beulah, nítòsí Cape Coast, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé àti iṣẹ́ oko pọ̀, tí a sì ń gbin kọfí àti oríṣìí ọ̀gbìn mìíràn. Ọwọ́ tó ń tọ́jú òdòdó fún ọlọ́lá wá ń kọ́ ọmọ tálákà bí yóò ṣe jẹun láìta ẹnì kejì rẹ̀.

A kò ní fi ibi tó korò pamọ́. Freeman mọ iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ìṣírò owó tọ́jú. Kì í ṣe pé ó jalè. Ìnáwó ilé ìwé àti ibùdó ìjọ tí ó ń dá sílẹ̀ ló ju owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1857. (Ẹ̀yin akápò wa, ẹ gbọ́ o!) Ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Àkúrà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ìyẹn parí ní ọdún 1860, ó padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀: ó ń dáko.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò fi sí nípò òjíṣẹ́. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí ó ti ń rí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, tí agogo ilé ìwé dún tí kì í ṣe àwa ló ń pè mọ́. Ènìyàn a máa bi ara rẹ̀ pé kí ni mo tún wúlò fún? Ṣùgbọ́n Freeman kò dákẹ́ ìwàásù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Oyè ti bọ́, ìpè kò bọ́. Ní ọdún 1873 ìjọ gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó tún sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí ó tó sinmi ní Àkúrà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀yin arábìnrin, ohun tí a rí kọ́ nìyí. Ọlọ́run kì í kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ wa dànù kí ó tó pè wá. Pọ́ọ̀lù ń pàgọ́, Dọ́káàsì ń ránṣọ, Freeman ń tọ́jú ọgbà. Ẹni tó ń ta gààrí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, ìpè rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí ó ń tọ́ ọmọ ní ọ̀nà Olúwa, ìpè rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹni tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọ tí kò sì torí ẹ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé, kí oníkálukú bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni ó wà lọ́wọ́ mi tí Olúwa lè lò? Kí a má ṣe sọ pé kò sí. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́ àti ọkàn tó ń dúró. Àmín.